Ìlẹ̀kẹ̀ Bàbá àti Ọkùnrin Tó Kọ Oyè

Àkúrẹ́, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Iná ò sí láti ìrọ̀lẹ́. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ èyí, agolo bisikíìtì tí Ìyá gbé lé mi lọ́wọ́ sì wà lórí tábìlì níwájú mi. Ìlẹ̀kẹ̀ oyè Bàbá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Bí mo ṣe ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, okùn rẹ̀ tó ti gbó já mọ́ mi lọ́wọ́, ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta yí wọ abẹ́ àga. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí mo fi rí wọn.

Ìpàdé ẹbí la ṣe lónìí, nílé wa ní Òkè-Àró. Gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé àbúrò mi ọkùnrin ni kó jẹ oyè Bàbá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ màlúù, wọ́n ti bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan, kó tó dìde, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní kí àwọn àgbà má bínú, òun ò ní lè jẹ ẹ́. Káńsílọ̀ lòun fẹ́ jáde fún ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ní, “Oyè, títí ayé ni. Ọdún mélòó ni ti káńsílọ̀?” Ó dáhùn pé, “Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, Bàbá. Ibi tí aráàdúgbò ti lè lé mi kúrò bí mo bá ṣe ohun tí kò tọ́ ni mo fẹ́ wà.” Ilé dàrú.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde sọ ìtàn Tony Benn, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fún wọn. Ẹnu Bàbá gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Oṣù kejì ọdún 2003 ni, ogun Ìráàkì ń bọ̀, rédíò ní bàbá arúgbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 77, ti wọ bàálù lọ sí Baghdad, ó jókòó ti Saddam Hussein, ó ń bi í ní ìbéèrè lójúkojú, torí kò fẹ́ kí ogun náà bẹ́. Bàbá yí rédíò sókè. “Ọkùnrin yìí ló kọ oyè bàbá rẹ̀,” ni wọ́n wí. Olóyè ni Bàbá nígbà yẹn, síbẹ̀ ọ̀wọ̀ ni mo gbọ́ nínú ohùn wọn.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí Benn ní London. Aṣòfin ni bàbá rẹ̀. Nígbà ogun Hitler ni wọ́n fi bàbá náà joyè Viscount Stansgate, irú oyè tí àkọ́bí ọkùnrin ń jogún. Michael ẹ̀gbọ́n Tony ló tọ́ sí, ṣùgbọ́n ogun yẹn pa á ní 1944. Ní 1950, àwọn ará Bristol dìbò yan Tony sílé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour, ọmọ ọdún 25. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, oyè já lé e lórí, òfin wọn sì ni pé ẹni tó ti di irú olóyè bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sílé tí aráàlú ń dìbò yan èèyàn sí mọ́. Ó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń tìlẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ọn.

Ó ní òun ò gbà. Wọ́n pe ìbò mìíràn ní oṣù karùn-ún ọdún 1961, òun náà tún jáde. Ìbò 23,275 ni wọ́n dì fún un, Malcolm St Clair tó bá a du ipò ní 10,231. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin, aṣọ́nà ò jẹ́ kó wọlé. Ilé ẹjọ́ gbé ipò náà fún ẹni tó fìdí rẹmi! Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nípàdé, àwọn ọ̀dọ́ hó yèè, torí wọ́n mọ irú ẹ̀ níbí. Ó jà á títí òfin tuntun fi jáde ní 31 oṣù keje ọdún 1963 pé ẹni tó bá wù lè kọ oyè tó jogún. Lọ́jọ́ náà gan-an ló bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. St Clair náà ṣe bí ọmọlúàbí, ó fi ipò sílẹ̀ bó ti ṣèlérí, Bristol sì dá Benn padà lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní Bristol lásìkò yẹn tí mi ò lè fò. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà kì í gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ awakọ̀. Paul Stephenson, aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kẹ́nikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì wọn mọ́. Benn dúró tì wọ́n, ó ní òun náà ò ní wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ gba kóun wá kẹ̀kẹ́. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ilé iṣẹ́ náà ti gbà. Olóṣèlú tó lè sọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn olùdìbò rẹ̀ tí aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú wọn, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ó di mínísítà lẹ́yìn náà. Sósíálíìsì ni, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i bó ṣe ń dàgbà, dípò kó máa rọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Mi ò ní kò níbi tó kù sí. Ìjà òun àti Denis Healey nítorí ipò igbákejì olórí ẹgbẹ́ ní 1981, tó fi díẹ̀ pádánù, dá ọgbẹ́ sílẹ̀ tó pẹ́ kó tó jinná. Aráàlú lé òun náà kúrò ní Bristol ní 1983, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ tọrọ ìbò ní Chesterfield lọ́dún kejì.

Àbúrò Bàbá obìnrin bi mí pé ṣé ọkùnrin náà ò lẹ́bí ni. Mo ní ó ní, ìyàwó rẹ̀ Caroline wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbá. Mo sì fi kún un pé mi ò bá oyè jà. Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, jẹ Lámọ̀fin, kò sì dẹ́rù bà á láti kojú ìjọba ológun. Ṣùgbọ́n Benn ní ìbéèrè márùn-ún tó máa ń ní ká bi alágbára: agbára wo lo ní, ibo lo ti rí i, àǹfààní ta lò ń lò ó fún, ta lò ń jíhìn fún, báwo la ṣe lè mú ọ kúrò? Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún, Ẹ̀gbọ́n Bàbá wo àbúrò mi, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì òní.

Bí a ṣe ń tú ká ni Ìyá gbé agolo fún mi. “Tọ́jú ẹ̀,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Tílẹ̀ bá mọ́, n ó yà sí Ọjà Ọba, n ó ra okùn tó nípọn. Mo ti ka ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì: 62.