Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́
Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìgò omi gbígbóná wà lẹ́yìn ìbàdí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti fi ìbàdí ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ kíà, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, nílùú ọba yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí sífítì alẹ́ ṣe rí: òṣìṣẹ́ méjì, arúgbó 28, agogo tí kì í dákẹ́.

Aago mẹ́ta òru ti fẹ́ẹ̀ lù nígbà tí Bàbá yàrá 14 tẹ agogo. Ó fẹ́ tọ̀. Ó wà gedegbe nínú care plan rẹ̀, ìwé tó sọ bá a ṣe máa tọ́jú rẹ̀, pé hoist, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn dìde, ni ká fi gbé e, èèyàn méjì sì ni. Ẹnì kejì mi wà lókè, ó ń pààrọ̀ aṣọ fún màmá kan tó bì. Mo wọ́ hoist jáde, mo tẹ̀ ẹ́, kò mira. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ò fi bátìrì sórí iná. Bàbá ń bẹ̀ mí, ojú ń tì í. Ṣé kí n wá máa wo àgbàlagbà níran ni? Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, a ka ení, èjì, ẹ̀ta. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ já lé mi, nǹkan sì dún kàù ní ìbàdí mi.

Mi ò lè dìde. Bàbá ò fara pa, ọpẹ́ ni, torí orí mi ló bọ́ lé. Ẹsẹ̀ mi òsì kú tìpìrì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wò: sálúbàtà kan, bisikíìtì kan tó ti kán sí méjì. Agogo wà lókè, ọwọ́ mi ò tó o. Bàbá bá fa kúbùsù rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bò mí, ó ń fọwọ́ gbá mi léjìká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹnì kejì mi tó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mánájà bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo hoist. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀ ẹ́! Físà mi wà lọ́wọ́ wọn. Tí COS, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà, bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ọjọ́ 60 ni Home Office, àwọn tó ń rí sí físà, sábà máa ń fún un kó fi wá ibòmíì. Mi ò kọ nǹkan kan. Mo gbé paracetamol mì, mo ṣe sífítì méjì sí i. Ìgbà tí dókítà wá ní kí n jókòó sílé, wọ́n ṣí ìwé ìjàm̀bá, wọ́n ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, bóyá ilé ni mo ti ṣe é.

Torí náà, ẹ kọ ọ́. Kí sífítì tó parí, ẹ kọ aago, yàrá, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ kọ, àmọ́ kí orúkọ arúgbó má hàn níbẹ̀.

Ẹ tẹ hoist wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 1998 ni òfin ti ní kí wọ́n máa yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lóṣù 6-6, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ ló máa bá yín fi bátìrì sórí iná lóru. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ má dá gbé èèyàn. Mo mọ̀, mo mọ̀, èmi náà ṣe training. Kẹ́ni tó bá ti dúró síwájú Bàbá láago mẹ́ta òru wá bú mi. Kó tọ̀ sára, aṣọ ṣeé pààrọ̀.

Tí ìjàm̀bá ibi iṣẹ́ bá sì gbé yín sílé ju ọjọ́ 7 lọ, dandan ni kí wọ́n fi tó HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, létí. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ò kọ, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọ́n sẹ́ tèmi lójú mi.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá mi kọ lẹ́tà, ẹnì kejì mi jẹ́rìí, wọ́n padà kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà, sífítì ọ̀sán. Wọ́n ti ra bátìrì kejì. Ẹnì kejì mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá, ó wà lórí iná.