Bí ojú ère ṣe ń jáde láti inú òbítíbitì àmì

Ẹ̀rọ léésà tí a fi ń wọn ère sínú kọ̀ǹpútà kì í fún wa ní ojú ère, ìyẹn ìta ara rẹ̀ tó so pọ̀ mọ́ra. Àmì lásán ló ń kó wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú x, y àti z tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dín wọn kù nínú CloudCompare, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí irú àmì yìí: fún ère tó ga tó mítà kan, kí àlàfo àmì sí àmì jẹ́ mìlímítà kan.

Lẹ́yìn náà ló kan normal, ìyẹn ọfà kékeré tó ń sọ ibi tí ojú ère kọ sí níbi àmì kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí niṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù! Bí ọfà etí bá kọ sínú, tí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ síta, Poisson, ọgbọ́n tó ń sọ àmì di ojú ère, tí Kazhdan, Bolitho àti Hoppe gbé jáde ní 2006, kò ní mọ inú yàtọ̀ sí òde. Etí á wú bíi búrẹ́dì tí omi wọ̀. Ẹ tún àwọn ọfà náà ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Poisson ń fi àpótí yí ère ká, depth sì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí a ṣe máa pín in wẹ́wẹ́ tó: 8 ń pín ẹ̀gbẹ́ àpótí sí ọ̀nà 256, 10 sí 1024, ìyẹn bíi mìlímítà kan fún ère wa yìí. Mo fara mọ́ 10. 12 ń wá ohun tí àmì yín kò gbé wá. Mẹ́mórì ló ń jẹ, àṣìṣe kéékèèké léésà á sì di ìléròrò lára ère.

Poisson tún máa ń dí abẹ́ ère tí léésà kò rí. Ẹ ní kó kọ density sílẹ̀, ìyẹn bí àmì ṣe pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi gé ibẹ̀ dànù.