Kì í ṣe gbogbo ewé tútù ni tata ń fẹ́ o

Láti ìgbà tí mo ti ń sin tata nínú páálí, ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣa oúnjẹ jẹ. Tá a bá rí wọn lóko, ohun tá a máa ń sọ ni pé kò sí ewé tí wọn ò lè jẹ, irọ́ ni o, wọ́n lè jẹ ẹ́ lóòótọ́ àmọ́ jíjẹ yàtọ̀ sí kó ṣe ara lóore.

Ẹ wo tata aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní Zonocerus variegatus, tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ewé ẹ̀gẹ́ ní oró sáyánáìdì, bí eyín bá ti kan ewé yẹn ni oró náà á tú jáde. Mo fún àwọn ọmọ tata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù nìkan, wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á fò sẹ́yìn, wọ́n á tún padà wá bu díẹ̀, ebi ń pa wọ́n àmọ́ wọn ò lè jẹ ẹ́ yó, kò sì sí èyí tó dàgbà nínú wọn. Nígbà tí mo wá já ewé náà sílẹ̀ kó rọ, kí n tó jí láàárọ̀ ó ku egungun ewé nìkan! Nínú páálí kejì mo po ewé ẹ̀gẹ́ mọ́ ewé inú igbó lóríṣiríṣi, àwọn yẹn ló yára dàgbà jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kéékèèké fi máa ń wà nínú èpò ná, tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èpò gbẹ, tí àwọn náà ti tóbi, ni wọ́n á ya bo ẹ̀gẹ́.

Bíbọ́ awọ ni ẹ ti máa mọ èyí tó jẹun dáadáa. Tata á so rọ̀ dorí kodò, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, á wá máa fa ẹsẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ṣòkòtò tó fún. Ọ̀kan tí ara rẹ̀ ò le fa ẹsẹ̀ kan títí kò yọ, ó kú síbẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Èyí tó tún èrò mi pa ni ti purotéènì. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ nínú ewé tó ni tata á ṣe máa sanra. Lọ́dún 2012 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Arianne Cease, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science nípa Oedaleus asiaticus, tata Inner Mongolia ní Ṣáínà, wọ́n rí i pé koríko tí náítírójìn, ìyẹn èròjà tó wà nínú purotéènì, pọ̀ nínú ẹ̀ kì í jẹ́ kó dàgbà dáadáa, tata náà sì ń kú. Koríko ibi tí àgùntàn ti jẹ lájẹjù, tí ilẹ̀ ti ṣá, tí purotéènì ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀ mọ́, òun gan-an ló bá a lára mu! Ẹ ò rí i pé àwa tá a ń jẹ́ kí ẹran jẹ ilẹ̀ dórí àpáta, àwa là ń se oúnjẹ fún un. Kì í ṣe gbogbo tata ló rí báyìí o, irú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀.

Nínú páálí kejì yẹn, abo kan ti ń ti ìdí bọ iyanrìn látàná. Mo ti wọ́n omi díẹ̀ sí i kó lè rọrùn fún un láti gbẹ́ ihò tó máa yé sí.