Ọjọ́ tí mo fọ ọpọlọ mọ́tò mi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná ẹ́ńjìnì mọ́tò mi ti ń tàn. Honda Accord 2003 ni, èyí tí a máa ń pè ní "End of Discussion". Bí mo bá ti jókòó sídìí ẹ̀, iná yẹn á máa wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Kàkà kí n gbé e lọ fún ẹni tó máa síkáànì ẹ̀, kó fi ẹ̀rọ wo ohun tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo gbọ́: "Ṣáà tú orí bátìrì, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kó o dá a padà."

Alẹ́ Jímọ̀ ni mo mú sípánà 10. Mo tú u, mo lọ jẹ ẹ̀bà, mo dá a padà. Iná ti kú! Mo jó díẹ̀ nínú ọgbà. Rédíò nìkan ni kò bá mi jó: ó kọ CODE sójú, ó ń retí nọ́ńbà tí ẹni tó ta mọ́tò fún mi ò fún mi rí.

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá ìyàwó mi ní kí n gbé àwọn láti Òjòó lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Mọ́kọ́lá. Léèsì funfun, gèlè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tan éèsì o, kí àtíkè mi má baà ṣàn."

Mo tan éèsì. Mọ́tò gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó kú.

Mo ṣáná sí i, ó jí. Tí mo bá ń tẹ iná mọ́ ọn, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, síló (bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná) ò ní dúró. Ó kú níwájú géètì Yunifásítì. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Sángo, níbi tí onítakisí míkírà kan ti bi mí bóyá mo ń kọ́ mọ́tò ni. Jíà ń fò, gèlè ń gbá òrùlé. Màmá ò bínú. Wọ́n kàn ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, kò sì jọ pé mọ́tò ni wọ́n ń gbà á fún. Ọmọ wọn ni.

Nígbà tá a dé abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ́wáyà kan, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, yọ sí wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú bátìrì, àbí?"

Mo ní rárá. Ó wo CODE lójú rédíò, ó wo ojú èmi náà.

"Ẹ ti fọ ọpọlọ ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Gbogbo bó ṣe mọ epo àti atẹ́gùn í pín látọjọ́ yìí, ó ti gbàgbé. Ẹ ò sì jẹ́ kó tún un kọ́ kẹ́ ẹ tó tan éèsì."

Ó pa éèsì, ó pa fáànù, ó fi jíà sí Páàkì. Ó tẹ iná mọ́ ọn títí ọwọ́ aago ìyípo ẹ́ńjìnì fi dé 3,000, ó dì í mú síbẹ̀ títí fáànù iwájú rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ó wá gbẹ́sẹ̀ kúrò. "Ìṣẹ́jú 5. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ìṣẹ́jú 5 nínú oòrùn, pẹ̀lú ìyá ìyàwó ẹni! Àtíkè ti ṣàn dé ọrùn léèsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá nawọ́ sí éèsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," rẹ́wáyà ní, "ó ń kàwé lọ́wọ́."

Síló dúró. Ó ní kí n rọra máa wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí n má gbá a, kí n máa pààrọ̀ eré. A dé òde, wọ́n ti pín ìrẹsì tán.

Ní Ọjọ́rú, iná ẹ́ńjìnì tún tàn. Mo wá lọ síkáànì ẹ̀: sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló ti kú. N ò tíì sọ fún Màmá. Títí dòní, tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ dúró síta, wọ́n á di báàgì mú.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ó ti kàwé?"