Ọpẹ́ Lórí Kókó Tí Kò Ráyè Di Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dúpẹ́. Ọlọ́run mú wa la àyẹ̀wò ìfun já, kókó tó wà níbẹ̀ sì ti kúrò nígbà tí kò tíì di nǹkan kan. Ẹ̀rí tí a sábà máa ń gbọ́ ni ti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ tó sì tún dìde. Èyí tí a gbé wá yìí, àìsàn tí kò dé ni. Kò sí àpá lára tí a lè fi hàn, kò sí ẹni tó sunkún nítorí wa. Síbẹ̀ ọpẹ́ rẹ̀ tóbi lójú àwa tí a dùbúlẹ̀ fún un àti àwa nọ́ọ̀sì tí a dúró ti ibùsùn, nítorí ní 2020 nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù 1.9 èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára wọn káàkiri àgbáyé, ó sì gbẹ̀mí èèyàn tó nǹkan bí 930,000 lọ́dún náà. A ó ka oore náà bó ṣe rí gan-an, ká má baà dúpẹ́ lóréfèé.

A dúpẹ́ pé jẹjẹrẹ yìí kì í yára. Ìfun ńlá gùn tó mítà kan àbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ìfun kékeré ti já sínú rẹ̀, ó gòkè lọ sí abẹ́ ẹ̀dọ̀, ó dábùú ikùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó lọ́, ó tún lọ́, kó tó já sí ihò ìdí. Awọ inú rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ síra, ibi ìpààrọ̀ yẹn sì ni àṣìṣe ti lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí yóò fi máa hù kọjá ààlà. Ohun tó hù yẹn ni kókó tí àwọn dókítà ń pè ní polyp. Òmíràn dúró lórí igi ìdí bí olú, òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara ìfun. Púpọ̀ nínú wọn kò ní di jẹjẹrẹ láéláé, àmọ́ inú wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ń jáde, ó sì sábà máa ń gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kókó kékeré tó dé ibẹ̀. Ọdún 10! Àìsàn mélòó ló ń fún èèyàn ní àyè tó bẹ́ẹ̀? Ibi tó ti le ni pé kì í dunni ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó sì ń dúró de ìrora kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò ń jẹ́ kí àyè náà tán mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbẹ́ tó yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìnídìí, ara tó ń rù, ẹ̀jẹ̀ ara tí kò tó tí kò sì sí àlàyé fún un: ẹni tó bá rí èyí kò gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́ orí mọ́, kó tètè lọ. Kó má sì fúnra rẹ̀ pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ lè wà lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí wọ́n wo inú ìfun kí wọ́n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Fún ẹni tí kò rí àmì kankan, a dúpẹ́ pé ọjọ́ orí ti wà nílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50 ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí jẹjẹrẹ yìí ń pọ̀ sí i lára àwọn tí kò tíì pé 50, American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, fà á wá sí 45 ní 2018, US Preventive Services Task Force, ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ìlera níbẹ̀, náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021: láti 45 títí dé 75, fún ẹni tí ewu rẹ̀ kò ju ti gbogbo èèyàn lọ. Láti 76 sí 85, òun àti dókítà rẹ̀ ni yóò jọ gbé e yẹ̀ wò. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣì wà tó jẹ́ 50 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ yìí kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí wọ́n bá rí i lára ìbátan náà kó tó pé 60, ẹni ọdún 40 ni ẹni yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ìbátan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, yóò sì máa tún un ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bàbá tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní 48, ọmọ rẹ̀ yóò lọ ní 38. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù tí ayé mọ̀, ẹni ọdún 43 péré ni nígbà tí jẹjẹrẹ yìí pa á ní 2020.

Kì í ṣe colonoscopy, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi okùn kamẹ́rà wo inú ìfun ńlá, nìkan ni ọ̀nà. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FIT wà, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ilé lèèyàn ti ń bu ìgbẹ́ díẹ̀ sínú ìgò rẹ̀, kò sí pé à ń fọ ìfun. Ó dára. Ṣùgbọ́n bó bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, colonoscopy ló kàn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí ni pé àwọn kan á tún FIT ṣe, èkejì kò ní fi nǹkan kan hàn, wọ́n á sì jókòó sílé. Kókó a máa ṣẹ̀jẹ̀ lónìí, kó dákẹ́ lọ́la. Èsì kejì kò lè pa èsì àkọ́kọ́ rẹ́.

Wàyí o, ibi tí ọpẹ́ wa ti pọ̀ jù ni fífọ ìfun ṣáájú colonoscopy. Ká sọ òótọ́, mímu oògùn tó ń fọ ìfun ni ìdánwò gan-an, kamẹ́rà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo iṣẹ́ wà, nítorí dókítà kò lè yọ ohun tí ìgbẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹni tó ń lo oògùn áyọ́ọ̀nù fún ẹ̀jẹ̀ yóò dá a dúró, nítorí ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì ń mú kó lẹ̀ mọ́ ara ìfun. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró. Dókítà tó kọ ọ́ ló lè wọn ewu ìṣẹ̀jẹ̀ mọ́ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ọpọlọ tàbí ọkàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ gba ìtọ́ni tuntun, nítorí ìwọ̀n oògùn tó ń lò lọ́jọ́ tó ń jẹun lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ tó jẹ́ pé omi nìkan ló ń mu. Láti ọjọ́ 2 tàbí 3 ṣáájú, kò ní jẹ ohun tó ní hóró àti èèpo mọ́. Hóró kékeré a máa dí ihò tí okùn kamẹ́rà fi ń fa omi. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, ohun mímu tó mọ́ gaara nìkan ni: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí a sẹ́, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí ó má ṣe pupa, kí ó má sì ní àwọ̀ àlùkò, torí bó bá kù sínú ìfun, ó ń jọ ẹ̀jẹ̀.

Oògùn tó wọ́pọ̀ jù ni ìyẹ̀fun PEG tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Ara kì í gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣe ló ń di omi mú nínú ìfun, tí omi náà yóò sì gbá ohun gbogbo jáde. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara bá a lọ. Òmíràn jẹ́ lítà 4, òmíràn jẹ́ lítà 2 tí èèyàn yóò tún fi omi tẹ̀lé. Ife mílílítà 250 kan ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni ìwọ̀n tó bójú mu. Bí èébì bá ń gbé e, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30, kó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rọrùn láti mu bó bá tutù nini, tí èèyàn sì fi sitirọ́ọ̀ fà á sí ẹ̀yìn ahọ́n. Kó ti fi Vaseline pa ojú ìdí kí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ tó dé, kó má dúró dìgbà tó bá bó.

Ìgbà méjì ni wọ́n ń pín in: ìdajì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìdajì kejì ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kó sì ti tán ó kéré tán ní wákàtí 2 ṣáájú. Bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mọ́, ẹ dìde mu ún. Ìdí rẹ̀ nìyí: ní gbogbo òru, ìfun kékeré ń da òróòro àti omi yíyọ̀ sínú ìfun ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni àwọn kókó pẹrẹsẹ pọ̀ sí, omi yíyọ̀ náà ló sì ń bò wọ́n. Ẹni tó yàgbẹ́ léraléra lálẹ́, tó gbà pé inú òun ti mọ́, tó wá da ìdajì kejì nù, apá òsì ló fọ̀, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀. Àmì pé ó tó ni omi gaara tó ní àwọ̀ ìtọ̀, tí kò ní ẹ̀rún kankan. Bó bá ṣì ṣú dúdú, ẹ pe ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò le dáadáa, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó yan oògùn fún un: èyí tí wọ́n fi sodium phosphate ṣe lè ba kíndìnrín jẹ́.

Lórí ibùsùn, ẹ̀gbẹ́ òsì lèèyàn ń fi dùbúlẹ̀, orúnkún kíká. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Okùn kamẹ́rà náà sanra bí ìka ọwọ́, ó ní iná, ó ní ihò omi àti ihò tí irinṣẹ́ ń gbà kọjá. Gáàsì carbon dioxide ló dára kí wọ́n fi fẹ ìfun, torí ara ń tètè fà á mu ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, inú kì í sì wú pẹ́. Níbi tí ìfun ti lọ́ lọ́wọ́ òsì ni okùn ti máa ń ká mọ́ra, ibẹ̀ ni àwa nọ́ọ̀sì ti ń fọwọ́ tẹ ikùn kó lè nà. Dókítà gbọ́dọ̀ dé òpin pátápátá, níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kó rí ẹnu appendix, ìfun ṣóńṣó tó so mọ́ ibẹ̀, àti ẹnu ọ̀nà ìfun kékeré, kó sì ya fọ́tò wọn. Ìgbà tó bá ń jáde bọ̀ ló ń yẹ ara ìfun wò fínnífínní. Ìṣẹ́jú 6 ni ìwọ̀n tó kéré jù fún jíjáde tẹ́lẹ̀. Ní 2024, ìlànà tuntun ní Amẹ́ríkà gbé e sí 8. Dókítà tó bá sáré jáde ń fi kókó sílẹ̀, a kò bẹ̀rù láti sọ ọ́.

Bó bá rí kókó, yóò ju ojóbó wáyà sí i nídìí, yóò sì fún un já. Èyí tí kò tó mílímítà 10, wọ́n sábà ń gé e láìlo iná. Èyí tó tóbi tó sì tẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fún omi sábẹ́ rẹ̀ kó lè gbéra kúrò lára iṣan ìfun, kí ìfun má baà lu. Awọ inú ìfun kì í mọ gígé lára. Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ dúpẹ́ níbí! Kó tó di 1969, tí William Wolff àti Hiromi Shinya bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojóbó wáyà gé kókó láti inú ìfun ní New York, ikùn ni wọ́n máa ń là fún kókó tó bá wà lókè. Ní 1993, ìwádìí National Polyp Study fi hàn pé lára àwọn tí wọ́n yọ kókó wọn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi ìdá 76 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí wọn ì bá retí.

Ewu rẹ̀ wà, a kò ní fi pamọ́. Ìfun lè lu, àmọ́ kì í tó ẹnì kan nínú 1,000. Ibi tí wọ́n ti gé kókó lè ṣẹ̀jẹ̀ títí dé bí ọ̀sẹ̀ 2. Inú rírun tó le tí kò lọ, ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gba oògùn oorun kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí 24.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ bí ìfun ṣe mọ́ tó: lórí òdiwọ̀n Boston, apá mẹ́ta ni wọ́n ń pín ìfun sí, 0 sí 3 ni máàkì apá kọ̀ọ̀kan, apá kankan kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 2. Bó bá dín, kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọdún kan. Bí kò bá sí kókó rárá, ó di ọdún 10 fún ẹni tí ewu rẹ̀ kò ju ti gbogbo èèyàn lọ. Adenoma, ìyẹn irú kókó tó lè di jẹjẹrẹ, bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì tí kò tó mílímítà 10, ọdún 7 sí 10. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọdún 3 sí 5. Èyí tó tó mílímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 3.

Ẹni tí wọ́n bá irú kókó ńlá bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ rẹ̀ náà ti di ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 40. Nítorí náà etí wọn ni kí ẹ̀rí yìí kọ́kọ́ dé: bí kókó ṣe tóbi tó, irú tí láàbù pè é, àti ọjọ́ orí tí ẹ wà nígbà tí wọ́n rí i. A ti sọ fún tiwa. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.