Sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé ìwé jáde

Ẹ̀yin àbúrò, agbéwéjáde kì í ṣe atẹ̀wé. Atẹ̀wé ló ni ẹ̀rọ. Tiyín ni kí ẹ yan ìwé, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ náwó sí i, kí ẹ sì tà á. Joop Berkhout tó dá ilé iṣẹ́ ìwé Spectrum Books sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1978 ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Evans, ilé iṣẹ́ ìwé mìíràn, kó tó dá dúró. Ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ná.

Ìṣirò ló ń tètè pa ilé iṣẹ́ ìwé. Ká ní ẹ̀dà kan ná yín ní ₦1,500, ẹ wá ń tà á ní ₦3,000. Bí olùtàwé bá yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,200 lọ. Òǹkọ̀wé gba ìdá 10, ₦300 tún lọ. Ó ku ₦1,500, owó ìtẹ̀ géérégé. Kí lẹ máa fún olóòtú? Kí lẹ máa fún ọlọ́kọ̀? Ẹ jẹ́ kí iye tẹ́ ẹ ń ta ìwé tó ìlọ́po mẹ́rin owó ìtẹ̀. Bí ọjà ò bá gbé e, ojú ewé ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má fi olóòtú ṣeré.

Mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni àwọn atẹ̀wé sábà máa ń ká ojú ewé látinú bébà ńlá. 160 dáa, 176 dáa. 163 á fi ojú ewé 13 ṣòfò.

Ìwé Yorùbá tún ní wàhálà tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní "ọ́" tàbí "ẹ̀" ní odidi. Ńṣe ló ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tí kò mọ̀ ọ́n gbé á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó sọ lẹ́tà di àpótí òfìfo. Ó lè dán lórí kọ̀ǹpútà olóòtú, kó sì dàrú dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ẹ rí i pé fọ́ńtì wà nínú PDF, ìyẹn fáìlì tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà. Ẹ má kà á lórí fóònù o!

Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Òfin wọn ti 1970 sì ní kẹ́ ẹ kó ẹ̀dà 3 fún wọn láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde.

Bí ẹrù bá dé, ẹ mú ìwé bíi mẹ́wàá láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ là wọ́n gbalaja. Bí ewé bá ń já, gọ́ọ̀mù ò tó nìyẹn, ẹ dá a padà. Ìdí nìyí tí a kì í fi í sanwó atẹ̀wé tán ṣáájú.

Ìwé tó wà lórí pẹpẹ olùtàwé kò tíì di owó. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ẹrù, kẹ́ ẹ máa lọ ka ìyókù lóṣooṣù. Ti ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́jà ní Oṣù Keje, torí Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé. Èyí tó bá dé ní Oṣù Kọkànlá á sùn di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ páálí rẹ̀, nítorí ikán.