Lọ́kọ́ja: ibi tí a ti lọ wá ẹni tí kò dé láti ojú ogun

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n ni. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, torí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Wọ́n ti fi hàn bí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ń gbé òdòdó kalẹ̀, tí wọ́n ń fọn kàkàkí.

"Okun o," ó kí mi, bí a ti ń kíra wa nílé. Kò dúró kí n dáhùn tán. "Lọ́dọọdún ni mò ń wò ó. Mo tún wò ó lónìí. Ṣé ti Bàbá Àgbà wà nínú òdòdó yẹn?"

Bàbá Àgbà tó ń wí ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí òun àti ìyá mi. Ogun Jámánì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ló bá lọ. Kò gbé ìbọn. Alárù ni wọ́n mú un ṣe, ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ yìí tó ru ọta, oúnjẹ àti ẹ̀yà ìbọn ńlá lórí wọ inú igbó Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì tún kó àwọn mìíràn gba orí òkun lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé ni pé Lọ́kọ́ja ni wọ́n mú un gbà. Kò padà. Wọ́n retí rẹ̀ títí, ojú ń wọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ní Bùnú, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ àti àdá rẹ̀ sínú ihò náà, wọ́n bò ó. Ní Bùnú, bí ẹni iyì bá kú, aṣọ ìpó ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí, aṣọ pupa tí gbogbo ará ìlú bá ti rí, wọ́n á mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ. Ti Bàbá Àgbà kò ní òkú tí wọn ì bá fi aṣọ kankan wé.

"Mo fẹ́ dé Lọ́kọ́ja kí n tó kú," Bàbá Tíṣà wí. "Mo fẹ́ fojú mi rí ibi tí àwọn ológun sùn sí."

Ẹni ọdún 79 ni. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé rárá?

A gbéra ní Kàbbà ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọyẹ́ bo orí àwọn òkè débi pé àpáta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dà bí ẹni pé ẹnì kan fi eérú kùn ún. Láti Kàbbà dé Ọbájànà, ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 ni, mọ́tò ń sáré geere lórí rẹ̀. Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ló kàn ń mú kí dírẹ́bà wa máa rọra ṣe. Bàbá Tíṣà kò wo tírélà kankan. Ìtàn ló ń sọ, bí ẹni tó ṣì wà níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Ó ní kí n má gbàgbé pé ogun ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí kí mọ́tò tó gbà á. Ní oṣù kìíní 1897, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, dìde láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbbà. Àwọn ọmọ ogun Núpé tó tẹ̀dó síbẹ̀ ti sá kí wọ́n tó dé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjú sí Bídà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Okun, Yorùbá ìhà Kàbbà àti Bùnú, mọ ohun tí Núpé fojú àwọn bàbá wa rí: ìkónilẹ́rú, ìṣákọ́lẹ̀, ìlú tí wọ́n sá gun orí òkè nítorí ẹlẹ́ṣin. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti lé Núpé lọ, àwọn èèyàn yọ̀. "Wọ́n yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀," Bàbá Tíṣà wí. "Àmọ́ ta ló wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn? Àwọn ọ̀gá òyìnbó kò tó nǹkan. Ọmọ Haúsá àti ọmọ Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Àwọn yẹn ni mo fẹ́ kó o máa wò ní gbogbo ibi tí a bá dé."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, òun ló sì tọ́ mi sọ́nà ní gbogbo ọjọ́ náà.

Oòrùn ti mú nígbà tí a wọ Lọ́kọ́ja. Ilẹ̀ àwọn Òwòrò ni, ọmọ ìyá wa ni wọ́n, ẹni tó bá sọ Okun fún wọn kò ní wá ògbufọ̀. A dúró díẹ̀ létí omi kí Bàbá Tíṣà lè wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ọ̀kan mọ́ ju èkejì lọ, wọ́n sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan. Ìlú yìí ni Lugard, òyìnbó tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí Àríwá, ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, tí Àríwá Nàìjíríà fi di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibí náà wà lára ibùdó tí West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard dá sílẹ̀, ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlú ológun ni Lọ́kọ́ja nígbà náà.

Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó la kọ́kọ́ lọ. Koríko gbígbẹ bo ìdí àwọn òkúta, ewé ń ró wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ará àdúgbò bá wa ṣí ọ̀nà, ó kí Bàbá Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì fà sẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ni ọjọ́ orí wọn. Ọmọdé ni wọ́n. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ológun níbí, bó bá jẹ́ nílé wa ni, kò ì tíì tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ìpàdé ẹbí. Ibà ló pa púpọ̀ nínú wọn, pàápàá èyí tó ń sọ ìtọ̀ di dúdú, kì í ṣe ọta. Ìyá kan jókòó sí ìlú òyìnbó, ó ń retí lẹ́tà. Mi ò lè kórìíra ẹni tó sùn sábẹ́ òkúta yẹn.

Ibí ni Bàbá Tíṣà ti dúró pẹ́. Ó ní kì í ṣe ológun nìkan ni Lọ́kọ́ja gbé mì. Ìlú yìí ni àwọn míṣọ́nnárì méjì láti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, kú sí, John Alfred Robinson ní 1891 àti Graham Wilmot Brooke ní oṣù kẹta 1892, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn wọ̀nyí ló wà nídìí bí wọ́n ṣe tú iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ká ní 1890, tí wọ́n lé àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú tó ń bá a ṣiṣẹ́. Crowther, ọmọ Òṣóògùn, tó ti dé ibi ìpàdé odò yìí láti 1841 kí a tó bí èyíkéyìí nínú wọn! Ọjọ́ tó kẹ́yìn 1891 ni Crowther kú ní Èkó. Bàbá Tíṣà, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti kékeré, tẹjú mọ́ ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Láàárín ọdún kan, ikú kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ọmọdé ló bú àgbà," ó ní. "Ọlọ́run dárí jì wọ́n." Ó sì bọ́ fìlà rẹ̀.

Èmi gan-an, ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ ló wà lọ́kàn mi. Ní 1903, nígbà tí àwọn òyìnbó ń bá Kánò àti Sókótó jagun, ọ̀gá kékeré kan tó ń jẹ́ Wallace Wright dúró pẹ̀lú òyìnbó kan péré àti ọmọ ogun 44, àwọn ẹlẹ́ṣin Kánò bíi 1,000 àti ẹlẹ́sẹ̀ bíi 2,000 sì ń rọ́ lù wọ́n fún wákàtí méjì. Wọn kò yẹsẹ̀. Wọ́n fún Wright ní Victoria Cross, èyí tó ga jù nínú àmì ìgboyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn 44 ló dúró yí i ká, tí ejìká kan ẹ̀gbẹ́ ejìká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sá, gbogbo wọn ti kú. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ka ìtàn yẹn. Ẹmìrì Kánò ìgbà náà, Aliyu, tí ogun yẹn gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Lọ́kọ́ja ni wọ́n lé e wá gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1926. Ọba Bídà, Abubakar, náà wà lára àwọn tí wọ́n kó wá síbí. Ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, ilẹ̀ kan náà ni.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa kò gba àmì-ẹ̀yẹ rárá. Nínú ogun Jámánì, ọmọ Yorùbá kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, Sájẹ́ńtì-Méjọ̀ Belo Akure, tó gba DCM, tó sì tún gba MM, àmì ìgboyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Wọ́n ní akin ni, ẹni tí kì í fi ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdé mélòó ní Àkúrẹ́ ló gbọ́ orúkọ yẹn rí? Nílé ìwé, mo mọ orúkọ Lugard kí n tó mọ ìlọ́po méjìlá. Ẹni ogójì ọdún ni mí kí n tó gbọ́ ti Belo Akure.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé ibi òkúta ìrántí ogun Jámánì. Bàbá Tíṣà kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá kí ọba.

Mo ti kà nípa ogun tó gbé Bàbá Àgbà lọ. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní òpin 1916. Ní etí odò Rufiji ní 1917, òjò dí ọ̀nà, oúnjẹ tán, wọ́n pín ìwọ̀nba tó kù sí ìdajì, ìdajì tún dín. Àwọn kan wa gbòǹgbò nínú igbó, wọ́n jẹ ẹ́, májèlé ni, wọ́n kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n ja ìjà Mahiwa, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ọ̀kan nínú èyí tó burú jù. Èwo nínú rẹ̀ ló pa Bàbá Àgbà, àbí Kamẹrúùnù ló parí sí? Ebi, ibà, ọta? Alárù kì í ní ìbọn tó lè fi gba ara rẹ̀.

Mo sọ ohun kan fún Bàbá Tíṣà níbẹ̀, ó sì dùn mí pé mo ní láti sọ ọ́. Lẹ́yìn ogun, àjọ tó ń bójú tó sàréè àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí pé gbogbo ẹni tó kú ni wọ́n máa fi ọwọ́ kan náà mú. Ní 1923, gómìnà Gold Coast, Gordon Guggisberg, sọ ní ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ ilẹ̀ òun kò ní mọ iyì òkúta orí sàréè. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílẹ̀ láìní àmì. Ní oṣù kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde, ó sì tọrọ àforíjì: ó kéré tán, ènìyàn 116,000, ó sì lè tó 350,000, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Àwọn mìíràn wà, láti 45,000 dé 54,000, tí wọ́n ṣe ìrántí wọn ṣùgbọ́n tí kò dọ́gba pẹ̀lú ti òyìnbó. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú ìyẹn.

Bàbá Tíṣà dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Àwa? Àwa ni a kò mọ iyì sàréè?"

Àwa tí a ń sin bàbá wa sínú ilé kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà jìnnà sí i. Àwa tí a ń fi aṣọ ìpó bo ẹni iyì. Àwa tí a sin àdá nítorí pé a kò rí ọwọ́ tó mú un.

Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó bu ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá òkúta náà, ó dì í sínú áńkáṣífù funfun tó mú láti ilé. Ó pe orúkọ Bàbá Àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ki oríkì rẹ̀. Èmi kò gbọ́ oríkì yẹn rí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ó sọ fún un, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

A sun Kàbbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì a wọ Bùnú, a ṣí yàrá tó ti di ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí, a sì da ilẹ̀ Lọ́kọ́ja sójú ibi tí wọ́n sin aṣọ àti àdá sí ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìyàwó Bàbá Tíṣà sunkún. Mo bèèrè bóyá mo lè kọ orúkọ Bàbá Àgbà síbí kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Bàbá Tíṣà kọ̀. Ó ní òkúta ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e kí fóònù tó gbé e.

Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta sàréè ní Kàbbà ti gba owó àsansílẹ̀. Ó bi wá léèrè ohun tí òun máa kọ sábẹ́ orúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ká kọ "ọmọ ogun," pé ìyẹn ló níyì jù. Bàbá Tíṣà mi orí.

"Ẹrù ló rù," ó ní. "Ẹ kọ alárù."